Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ó Yẹ Kí Ènìyàn Fi Ọwọ́ Dán Aago Fóònù Wò Kí Ó Tó Dé Ọjà

Ní ayé àtijọ́, àkùkọ ni ń ta ilẹ̀ Yorùbá jí. Bí ó bá ti kọ ní ìdájí, àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, alápatà a pọ́n ọ̀bẹ, oníṣòwò a di ẹrù ọjà. Àkùkọ kò ní bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i lóru. Lónìí, iṣẹ́ àkùkọ ti bọ́ sọ́wọ́ fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ òwúrọ̀, Mùsùlùmí tó fẹ́ jí jẹ sààrì, aláìsàn tó gbọ́dọ̀ lo oògùn ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ó máa wà lẹ́nu ẹni tó ń san owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ta ló dán aago yìí wò kí wọ́n tó tà á?

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni pé ẹ̀rọ ló ń dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n a kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa yẹ ètò kejì wò, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n pa á tì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí ẹni tó kọ ètò kò rò kàn, ètò àyẹ̀wò tí òun náà kọ kò ní wá a. Ọ̀rọ̀ aago, áláàmù àti kàlẹ́ńdà sì kún fún ohun tí ènìyàn kì í rò kàn, àfi ìgbà tí ó bá jókòó, tí ó gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́, tí ó sún ọjọ́ síwájú, tí ó sì dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rí kò jìnnà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2008, ẹ̀rọ orin Zune oní-30GB tí Microsoft ṣe dákú lójijì káàkiri ayé. Kò sí olè tó wọlé, kò sí omi tó dà sí i. Ọdún 2008 ní ọjọ́ 366 ni. Ètò tó ń ka ọjọ́ nínú ẹ̀rọ náà a máa bèèrè pé: ṣé iye ọjọ́ tó kù ju 365 lọ? Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọdún tó ní ọjọ́ 366, ó tún gbọ́dọ̀ ju 366 lọ kí ètò tó lè yọ ọdún náà kúrò kí ó sì bọ́ sí ọdún tó kàn. Nígbà tí iye ọjọ́ wá jẹ́ 366 gẹ́lẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ dá a dúró, ìkejì kò jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ìmọ̀ràn tí Microsoft fún àwọn oníbàárà ni pé kí wọ́n jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tán pátápátá, kí wọ́n sì dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Oṣù Bélú ọdún 2006 ni ẹ̀rọ náà jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé ọdún 2008 ni ọdún àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó bá pàdé. Ọdún méjì gbáko ni àbùkù yìí fi lúgọ. Ènìyàn kan ṣoṣo tó bá gbé ọjọ́ inú rẹ̀ sí òpin ọdún 2008 nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni ì bá ti rí i.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé ìyẹn le, pé ọjọ́ kan láàárín ọdún mẹ́rin ni. Ó dára, kí a yẹ oṣù Bélú ọdún 2012 wò. Google gbé Android 4.2 jáde. Nígbà tí àwọn tó ní in lọ sí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ènìyàn pa mọ́ sí, tí wọ́n fẹ́ kọ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn síbẹ̀, wọ́n rí i pé oṣù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Oṣù Ọ̀pẹ̀ ti sọnù! Láti Bélú, Ṣẹ́rẹ́ ló kàn. Wọ́n tètè tún un ṣe nínú ẹ̀yà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 4.2.1, ṣùgbọ́n ìtìjú ti bá ọ̀rọ̀ náà. Ọmọdé tó mọ orúkọ oṣù kà ni ì bá rí i bí wọ́n bá gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ tí ìka ọmọdé lè ṣe ni wọ́n fi sílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà fi dé ọwọ́ oníbàárà.

Ti áláàmù ló wá burú jù, nítorí pé ẹni tó ń sùn kò lè ṣọ́ ohun tó ń ṣọ́ ọ. Ní òpin oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, áláàmù tí àwọn oníbàárà iPhone ti tò sílẹ̀ láti máa dún lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní wákàtí kan. Bí ó ti ku oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2011, áláàmù ẹlẹ́ẹ̀kan inú iPhone kọ̀, kò dún rárá. Ọ̀rọ̀ tí Apple sọ ni pé yóò padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ 3. Ní ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2017, nígbà tí òru ọjọ́ náà kọjá aago méjìlá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iPhone púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú, nítorí ìránnilétí ojoojúmọ́ tó wà nínú wọn. Ní ọdún 2024, Apple tún gbà pé òun mọ̀ nípa áláàmù àwọn kan tí kì í dún bó ṣe yẹ. Ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó jù lọ láyé nìyí. Bí iná bá jó òkúta, kí ni òwú yóò wí? Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí fóònù olówó gọbọi, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń lò láti Ìbàdàn dé Ìlọrin?

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni gbogbo èyí, pé kò sí ẹni tó kú nítorí pé ó sùn pẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì rí òbí tó ń sin ọmọ lọ sí ibùdó ìdánwò. Ní ọdún 2025, ariwo sọ nígbà tí àwọn òbí gbọ́ pé aago 6:30 òwúrọ̀ ni kí àwọn ọmọ kan ti wà ní ibùdó JAMB fún àyẹ̀wò, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:00. Ọmọ tí ibùdó rẹ̀ jìnnà gbọ́dọ̀ jí ní aago 4:00. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìdánwò yìí. Bí áláàmù bá dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọdún kan ló sọnù lọ́wọ́ ọmọ, kì í ṣe wákàtí kan. Ti aláìsàn tó ń lo oògùn ìfúnpá tàbí ti kòkòrò HIV ńkọ́, ẹni tí dókítà sọ fún pé kò gbọdọ̀ yẹ àkókò? Ohun tó kéré lójú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lè jẹ́ òpó tó gbé ilé ẹlòmíràn dúró.

Wọ́n tún ń sọ pé kí oníbàárà tò áláàmù méjì, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyànjẹ ni. Ta ni í ra mọ́tò tán tí wọ́n ń sọ fún un pé kí ó ra kẹ̀kẹ́ tì í, bóyá mọ́tò kò ní ṣíṣẹ́ lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀? Ẹni tó gba owó ló gbọ́dọ̀ ṣe wàhálà àyẹ̀wò, kì í ṣe ẹni tó san án. Ohun ìyàlẹ́nu ni pé àwọn oníbàárà gan-an ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2016, àwọn ènìyàn lásán ló fi ọwọ́ dá ọjọ́ inú iPhone padà sí ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Láti iPhone 5s lọ sókè, fóònù tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kì í tan mọ́ bí wọ́n bá pa á, ó di bíríkì. Ìgbà tí iOS 9.3 jáde ni àtúnṣe tó dé. Ọjọ́ tí ìka ènìyàn lásán mọ̀ láti fọwọ́ kàn, kí ló dé tí ìka òṣìṣẹ́ tó ń gba owó kò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án?

Ibòmíràn tún wà tí ẹ̀rọ kò lè fi ara rẹ̀ dán wò rárá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti wọlé gan-an. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń lo àkókò kan náà, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wọn. Oníṣòwò tó wà ní Lomé, tí ó kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù pé òun fẹ́ pàdé ẹnì kan ní Kútọnu ní aago mẹ́wàá, yóò kọjá ẹnubodè Hilla-Condji tán, fóònù yóò sì yí ohun tó kọ padà sí aago mọ́kànlá. Fóònù kò purọ́: aago mẹ́wàá Lomé ni aago mọ́kànlá Kútọnu. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá Kútọnu ni oníṣòwò ní lọ́kàn, yóò sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó fẹ́ pàdé ti dúró títí, tó ti bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé tó ní ọmọ ní London mọ̀ pé láti Àìkú ìkẹyìn oṣù Ẹrẹ̀nà títí di Àìkú ìkẹyìn oṣù Ọ̀wàrà, aago Èkó àti ti London dọ́gba, àmọ́ lẹ́yìn èyí, Èkó a fi wákàtí kan ṣíwájú. Àyàfi ẹni tó bá gbé fóònù rìn, tó kọjá ẹnubodè, tó sì wo ohun tó kọ sílẹ̀, ló lè sọ bóyá ẹ̀rọ náà kìlọ̀ fún oníbàárà tàbí ó kàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ló tún kù. Àkójọ kan wà tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, CLDR ni orúkọ rẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń mú orúkọ oṣù, ọjọ́ àti wákàtí ní oríṣiríṣi èdè. Ní ti Yorùbá, "Àárọ̀" ni wọ́n fi dípò AM, "Ọ̀sán" ni wọ́n fi dípò PM. Nípa bẹ́ẹ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ di "11:00 Ọ̀sán", aago kan òru sì di "1:00 Àárọ̀". Kò sí ìyá àgbà kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Oǹdó tó máa pe aago mọ́kànlá alẹ́ ní ọ̀sán. Èdè tó ní ìdájí, òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, alẹ́ àti ọ̀gànjọ́ ni wọ́n fún sínú àpò méjì. Ètò àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà kò ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń wá, ó sì rí ọ̀rọ̀ méjì. Ènìyàn tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè mi orí kí ó sì wí pé, rárá o.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjọ́ ọjà. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye. Ọjà tí wọ́n bá ń ná ní ọrọọrún, bí wọ́n bá ná an ní Ajé, Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, márùn-ún pé. Lójú kàlẹ́ńdà fóònù, mẹ́rin ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tí ó gbọ́ "márùn-ún", tí ó sì kọ 5 sínú ẹ̀rọ, Àbámẹ́ta ni yóò gbé ẹrù dé ọjà, yóò sì bá ewúrẹ́ tó ń sùn sórí ìsọ̀. Áláàmù inú ọ̀pọ̀ fóònù kò tilẹ̀ fún ènìyàn láyè láti yan ìyípo ọlọ́jọ́ mẹ́rin rárá, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan ló mọ̀. Ní ti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, kàlẹ́ńdà fóònù a ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, nígbà tó jẹ́ pé ní Nàìjíríà, ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù, tí Sultan Sókótó sì kéde rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó mọ ọjọ́ náà dájú. Kí ló ṣòro nínú kíkọ "ó ṣeé ṣe" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́bánọ́nì ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2023 yẹ kó kọ́ gbogbo aláṣẹ lọ́gbọ́n. Bí ó ti ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n sún aago síwájú, ìjọba kéde pé òun ti sún un di ìparí Ramadan. Ọ̀pọ̀ fóònù kò gbọ́, wọ́n sún aago wọn síwájú ní ọjọ́ tí wọ́n ti kọ sínú wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ lé ìjọba, àwọn kan kọ̀, ìlú kan náà wá ní aago méjì fún ọjọ́ mélòó kan kí ìjọba tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní Nàìjíríà, àjọ NCC ló ń fọwọ́ sí irú fóònù tó lè wọlé, àjọ SON ló sì ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà. Wọ́n ń béèrè nípa ìgbì rédíò, kí wọ́n béèrè nípa aago pẹ̀lú. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta fóònù mú ìwé wá pé ènìyàn fi ọwọ́ dán aago, áláàmù àti kàlẹ́ńdà rẹ̀ wò, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dán wò àti ohun tí wọ́n rí.

Iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀. Kí òṣìṣẹ́ gbé aago sí ìṣẹ́jú kan ṣáájú òpin ọdún, kí ó sì wò ó bó ṣe ń kọjá. Kí ó gbé e sí òpin oṣù Èrèlè ọdún 2028, kí ó rí ọjọ́ 29 tó bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Kí ó gbé e sí ọdún 2100, kí ó rí i pé Èrèlè parí ní ọjọ́ 28. Kí ó gbé e sí ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2038, nítorí pé aago 4:14 ìdájí ọjọ́ náà ní Nàìjíríà ni iye ìṣẹ́jú-àáyá yóò kún àkúnya nínú ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n àtijọ́ kà á. Kí ó tò áláàmù, kí ó pa ohùn fóònù, kí ó jẹ́ kí bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ó pa fóònù kí ó tún un tàn, kí ó jẹ́ kí ìpè wọlé lásìkò tí áláàmù fẹ́ dún. Nínú gbogbo rẹ̀, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Òótọ́ ni pé ó máa ń rẹ ènìyàn, ó sì máa ń gbàgbé. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ bá a ṣe é, kì í ṣe kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí dìgbà tí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá lọ ra fóònù ní Ìkẹjà tàbí ní ọjà mìíràn má ṣe tijú. Kí ó tó san owó, kí ó tò áláàmù sí ìṣẹ́jú méjì síwájú, kí ó pa ojú fóònù dé, kí ó sì dúró. Kí ó ṣí kàlẹ́ńdà, kí ó ka oṣù rẹ̀ láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀, kí ó rí i pé méjìlá pé. Bí òǹtajà bá ń kánjú, kí ó mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nígbà tí àkùkọ bá kọ̀ tí kò kọ mọ́ ní ilé àwọn baba ńlá, kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ dúró di ọjọ́ kẹta. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àkùkọ kò gbọdọ̀ retí pé àánú tiwọn yóò pọ̀ ju ti àkùkọ lọ.